Káàdì Tí Kọ̀ǹpútà Kò Dá Mọ̀ Kì Í Ṣe Òkú

Gbólóhùn kan ti di àkọ́sórí lẹ́nu ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ní Ìkejà, ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo àti níbikíbi tí wọ́n bá ti gbé tábìlì kalẹ̀: "Wáífáì rẹ̀ ti kú." Ẹni tó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ wá kò ní ohun tí yóò fi jiyàn. Ó ti fojú ara rẹ̀ rí i pé ibi tí orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń hàn ṣófo, nítorí náà ó gbà pé òótọ́ ni, ó sì fa owó yọ. Wọ́n á ta káàdì mìíràn fún un, tàbí kí wọ́n ta èyí tó kéré bí èékánná tí wọ́n ń kì bọ ojú USB. Àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó kú. Káàdì náà wà nínú ẹ̀rọ, iná ń dé ara rẹ̀, ó sì ń dáhùn nígbà tí wọ́n bá pè é. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ètò tó gbà á lálejò kò mọ̀ ọ́n, ẹni tó yẹ kó béèrè orúkọ rẹ̀ kò sì béèrè.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fi falẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft fòpin sí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tó ń ṣe fún Windows 10. Windows 11 tó yẹ kó rọ́pò rẹ̀ kò gba ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 2018, nítorí pé ó ń béèrè TPM 2.0 àti processor tó bá wà nínú àkọsílẹ̀ tirẹ̀ nìkan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, tòkunbọ̀ tí wọ́n ti lò ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà ni kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, akọ̀wé àti oníṣòwò kékeré ní ilẹ̀ Yorùbá ń lò. Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Finland lọ́dún 1991, ni ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún irú wọn. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè mú kí kọ̀ǹpútà ọlọ́dún mẹ́wàá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń padà sẹ́yìn. Wọ́n fi Linux sínú kọ̀ǹpútà tán, wọn kò rí Wáífáì, ni wọ́n bá ní Linux kò dára tàbí pé káàdì ti jóná. Èkíní kì í ṣe òótọ́. Èkejì, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, kò sẹ́ni tó wádìí rẹ̀.

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá rí pélé, àbàjà tàbí gọ̀ǹbọ́ lójú àlejò kò ní kó tó béèrè kó tó mọ ibi tí yóò fojú sí. Káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ní ilà tirẹ̀. Nọ́ńbà méjì ni wọ́n kọ sínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ti jáde. Èkíní ń sọ ẹni tó ṣe é, èkejì ń sọ irú káàdì tó jẹ́. Àjọ PCI-SIG ló ń pín nọ́ńbà àkọ́kọ́ yẹn fún àwọn ilé iṣẹ́. 8086 ni ti Intel, nọ́ńbà kan náà pẹ̀lú orúkọ processor tí ilé iṣẹ́ náà gbé jáde lọ́dún 1978. 14e4 ni ti Broadcom. 10ec ni ti Realtek. 168c ni ti Atheros. 14c3 ni ti MediaTek. Ilà yìí kì í parẹ́. Èèyàn lè yọ Windows kúrò kó fi Linux sí i, ó lè nu gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà, ilà náà á ṣì wà lójú káàdì bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é.

Kíkà á kò gba ọgbọ́n àwọn àgbà awo. Lórí Linux, ẹni tó bá ṣí Terminal, tó tẹ lspci -nn, yóò rí gbogbo ẹ̀rọ tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ lórí ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà wọn. Bí ó bá rí 14e4:4315, Broadcom BCM4312 nìyẹn. Bí ó bá rí 10ec:c821, Realtek RTL8821CE nìyẹn. Bí káàdì náà bá jẹ́ ti USB, lsusb ni yóò tẹ̀. Bí ó bá tún tẹ lspci -k, yóò rí i bóyá dráífà kan ti gba káàdì náà sọ́wọ́ tàbí kò tíì sí èyí tó gbà á. Àwọn tó ṣe FreeBSD, tí òun náà jẹ́ ọmọ ìyá Unix, tilẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà láìfi bọpo bọyọ̀. Lábẹ́ àṣẹ pciconf -lv, none ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ tí dráífà kankan kò bá tẹ́wọ́ gbà, wọ́n á sì fi òǹkà tì í: none0, none1. OpenBSD ní tirẹ̀ á kọ ọ́ pé not configured. Kò sí ìkankan nínú wọn tó pe aláìlórúkọ ní òkú. Nọ́ńbà rẹ̀ ni wọ́n kọ síwájú ẹni tó bá fẹ́ kà á.

Ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí gbogbo èèyàn mọ̀. Orúkọ tó ń hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà wá láti inú ìwé orúkọ kan tí Martin Mareš, ẹni tó kọ lspci, àti àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni káàkiri ayé jọ ń kó jọ. Bí ìwé yẹn bá ti pẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà nìkan ni yóò hàn, kò ní sí orúkọ. Ẹni tí kò mọ̀ á rí ọ̀rọ̀ Device níbẹ̀, á rò pé àbùkù ti wọ káàdì. Ìwé náà ló gbó, àṣẹ update-pciids sì ń sọ ọ́ di tuntun. Ṣùgbọ́n mímọ orúkọ àlejò yàtọ̀ sí gbígbọ́ èdè rẹ̀. Dráífà ló ń gbọ́ èdè káàdì. Orúkọ wúlò nítorí pé òun ló ń júwe dráífà tó yẹ kí èèyàn wá.

Ẹni tó sùn, ẹni tó ń ṣàìsàn àti ẹni tó ti kú kì í ṣe ọ̀kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní àmì tirẹ̀. Bí rfkill list bá sọ pé káàdì wà ní blocked, ẹnì kan tàbí bọ́tìnnì kan ló pa á, títàn ló kù. Bí dmesg bá ń ráhùn pé òun kò rí firmware, dráífà ti dé, ohun èlò rẹ̀ ni kò tíì dé. Bí lspci -k kò bá dárúkọ dráífà kankan lábẹ́ káàdì náà, ó ṣeé ṣe kí Linux tí wọ́n fi sínú kọ̀ǹpútà ti pẹ́ jù. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni Realtek RTL8821CE yẹn: Linux tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 2020 kò mọ̀ ọ́n, àwọn tuntun sì mọ̀ ọ́n nípasẹ̀ dráífà rtw88. Kò sí káàdì tí ẹnikẹ́ni nílò láti rà níbẹ̀. Èyí tó yẹ kí wọ́n máa fura sí pé ó ti kú ni èyí tí kò hàn rárá, yálà nínú lspci tàbí nínú lsusb. Kódà, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wo inú BIOS bóyá ẹnì kan ti pa á níbẹ̀, kí wọ́n sì tẹ káàdì mọ́ ojú ihò rẹ̀ dáadáa. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ṣùgbọ́n ta ló sọ káàdì di àlejò nínú ilé tó yẹ kó ti jẹ́ ọmọ onílé? Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tó ra tòkunbọ̀, kì í sì ṣe àwọn tó ń kọ Linux. Àwọn ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe káàdì ni, ìtàn Broadcom sì fi hàn kedere. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, káàdì Broadcom pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà Apple, Dell àti HP. Ilé iṣẹ́ náà ní dráífà fún Windows, ṣùgbọ́n kò fún àwọn tó ń kọ Linux ní ìwé tó ṣàlàyé bí káàdì náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni wá dá ọgbọ́n kan. Wọ́n pín ara wọn sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan tú dráífà tó wà nílẹ̀ wò fínnífínní, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ bí àlàyé. Àwọn kejì kò fojú kan dráífà yẹn rárá. Àlàyé nìkan ni wọ́n kà tí wọ́n fi kọ tiwọn, kí ẹnikẹ́ni má bàa fẹ̀sùn olè kàn wọ́n. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe yẹn wọ inú Linux 2.6.17 ní oṣù kẹfà ọdún 2006 pẹ̀lú orúkọ bcm43xx. Nígbà tí Linux 2.6.24 jáde ní oṣù kìíní ọdún 2008, dráífà b43 ti dé láti rọ́pò rẹ̀.

Wàhálà kò tán síbẹ̀. Káàdì wọ̀nyí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí firmware, ìyẹn sọ́fítíwíà kékeré tí dráífà gbọ́dọ̀ rọ sínú káàdì nígbà tó bá ń jí i. Firmware yẹn wà lábẹ́ àṣẹ ilé iṣẹ́ náà, àwọn tó ń kọ Linux kò sì lè pín in bó ṣe wù wọ́n. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n kọ b43-fwcutter, tó ń gé firmware jáde láti inú dráífà tí Broadcom fúnra rẹ̀ ṣe, lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó ni káàdì. Ní Debian, ètò tó ń bá èèyàn ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ gba dráífà náà wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó ní 14e4:4315 nílò íntánẹ́ẹ̀tì kó tó lè ní íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ sínú yàrá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, Broadcom gbé dráífà kan tó ṣí sílẹ̀ jáde, brcm80211, ṣùgbọ́n káàdì tuntun rẹ̀ ló wà fún. Àwọn ògbólógbòó tó wà nínú tòkunbọ̀ kò jàǹfààní kankan nínú rẹ̀.

Àwọn tó ń gbèjà irú ìwà yìí ní àwíjàre méjì. Wọ́n ní kíkọ dráífà fún Linux ń náni lówó, àwọn tó ń lò ó kò sì pọ̀. Greg Kroah-Hartman, ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó ń tọ́jú Linux, ti gba ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu wọn láti oṣù kìíní ọdún 2007, nígbà tó kéde pé àwọn yóò kọ dráífà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ilé iṣẹ́ èyíkéyìí tó bá ṣetán láti ṣàlàyé bí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí wọ́n ní àwọn á bá ro oko rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, tó tún ní kò sí owó ìroko, ní ohun mìíràn lọ́kàn. Àwíjàre kejì ni pé òfin rédíò kò jẹ́ kí wọ́n ṣí àṣírí káàdì, kí àwọn aláìgbọràn má bàa yí agbára rẹ̀ padà. Ọ̀rọ̀ yìí lágbára létí, ṣùgbọ́n Atheros ti sọ ọ́ di òfìfo. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ni Atheros, abẹ́ òfin kan náà ló wà, síbẹ̀ ó gbé ath9k jáde lọ́dún 2008, dráífà tó ṣí sílẹ̀ pátápátá. Káàdì tó wà nínú ihò PCI tí ath9k ń darí kò tilẹ̀ nílò firmware kankan tí ẹnikẹ́ni máa wá kiri. Bí ẹnì kan bá lè ṣe é lábẹ́ òfin, kí ló dí àwọn tó kù lọ́wọ́?

Debian náà ti kọ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó ń ṣe é kò fi firmware tí kò ṣí sílẹ̀ sínú ohun tí wọ́n fi ń gbé Debian sórí kọ̀ǹpútà, nítorí ìlànà òmìnira tí wọ́n dì mú. Ìlànà náà mọ́, kò sí àbùkù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jìyà rẹ̀ kì í ṣe ilé iṣẹ́ tó kó firmware pamọ́. Aláìní tí káàdì rẹ̀ kò jí, tí kò sì ní wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì nílé, ni ìyà ń jẹ. Lọ́dún 2022, wọ́n dìbò, wọ́n sì pinnu pé kí firmware máa bá a wá. Nígbà tí Debian 12 jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ọ̀pọ̀ káàdì tó ti ń sùn tẹ́lẹ̀ jí láìsí wàhálà. Àwọn kan ṣì ń pe ìpinnu yẹn ní ìdàlẹ̀. Kì í ṣe ìdàlẹ̀. Òmìnira tí èèyàn gbọ́dọ̀ ní íntánẹ́ẹ̀tì kó tó lè tọ́ ọ wò jẹ́ òmìnira àwọn tó ti ní íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀.

Kí wọ́n tó dá gbogbo ẹ̀bi lé òkè òkun lórí, ó yẹ kí wọ́n padà sórí tábìlì tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ ṣe. Àwọn kan á ní, ṣé kí oníṣẹ́ má jẹun ni? Kó jẹun. Ṣùgbọ́n babaláwo tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í já ewé kó tó dífá, wọ́n sì ń sanwó ifá dídá. Ẹni tó ka nọ́ńbà káàdì, tó wá dráífà rẹ̀, tó sì jí i dìde ti ṣe iṣẹ́ tó tó gba owó lé lórí. Kó sọ iye rẹ̀, kí wọ́n san án. Ohun tí kò tọ́ ni kó gba owó ẹrù nítorí pé kò fẹ́ ṣe iṣẹ́ ọpọlọ. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò tíì pé, owó káàdì tí kò nílò kì í ṣe ohun kékeré.

Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé káàdì tuntun yẹn lè má wúlò rárá. Ọ̀pọ̀ ThinkPad àtijọ́ ní àkọsílẹ̀ nínú BIOS wọn, káàdì tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ kò ní wọlé. Nọ́ńbà 1802 ni kọ̀ǹpútà náà á gbé sójú, kò sì ní tan títí wọ́n á fi yọ àjòjì náà kúrò. Ẹni tó yọ káàdì tó yè láti fi èyí tí ẹ̀rọ máa kọ̀ rọ́pò rẹ̀ ti ná owó lẹ́ẹ̀mejì láìrí Wáífáì kankan. Bí ẹni tó ń tún un ṣe bá ti ka nọ́ńbà níbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ní dé ibẹ̀.

Nítorí náà, ẹrù ìmọ̀ yìí kò gbọ́dọ̀ wà lórí oníṣẹ́ nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ lè mú fláàṣì tí Linux wà nínú rẹ̀ lọ sọ́jà, kó fi tan kọ̀ǹpútà náà láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú rẹ̀, kó tẹ lspci -nn, kó sì wo irú káàdì tó wà níbẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí káàdì rẹ̀ ti ń sùn nílé lè fi okùn USB so fóònù Android mọ́ kọ̀ǹpútà, kó tan USB tethering lórí fóònù. Linux sábà máa ń gba fóònù bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ojú ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀, dátà fóònù yẹn ni yóò sì fi lọ gba dráífà tàbí firmware tó sọnù. Bẹ́ẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ inú yàrá ṣe ń jáde. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó ń gbowó lórí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà náà gbọ́dọ̀ fi èyí kún ohun tí wọ́n ń kọ́ni. Wákàtí kan ti tó láti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ilà ojú ẹ̀rọ. Kí àwọn tó gbọ́ èdè Yorùbá dáadáa sì kọ ọ́ ní èdè Yorùbá, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ tó ń jókòó ti ọ̀gá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kò ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì débi tí àlàyé inú dmesg á fi yé e.

Abéèrè kì í ṣìnà, ẹni tí kò lè béèrè ló ń pọ́n ara rẹ̀ lójú. Káàdì ń gbé nọ́ńbà rẹ̀ kiri láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè. Láti òní lọ, oníṣẹ́ tó bá tún sọ pé "Wáífáì rẹ̀ ti kú," kí oníbàárà sọ fún un pé kó kọ́kọ́ fi nọ́ńbà náà han òun. Bí kò bá ní nọ́ńbà tó máa fi hàn, tí kò sì lè fi hàn pé òun ti wá a nínú lspci àti nínú lsusb, kí oníbàárà gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ pẹ̀lú owó rẹ̀ lápò.